Ẹni Tó Ń Hanrun Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Bí ẹ bá dé ọjà Siporex, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, lọ́dún 1976, tí ẹ béèrè obìnrin tí kì í purọ́, Ràmúlátù ará Ìgbòho ni wọ́n máa júwe fún yín. Bí abọ́ tánganran tó ń tà bá bó lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ ló máa fi ìka tọ́ka síbẹ̀ kí oníbàárà tó rí i. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tó pinnu láti purọ́, kò mọ̀ ọ́n pa rárá.

Imú Nimotou, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, ló fà á. Ẹnu lọmọ náà fi ń mí tọ̀sán-tòru. Bó bá sì sùn, ẹni tó ń kọjá lóde á rò pé wọ́n ń fi ayùn rẹ́ pákó nínú ilé. Dókítà ní ẹran kan ló wú sẹ́yìn imú rẹ̀, végétations lórúkọ rẹ̀, àfi kí wọ́n gé e, torí etí ọmọ ti ń di. Owó iṣẹ́ abẹ ọ̀hún sì ju agbára wọn lọ.

Orí bá wọn ṣe é, iléeṣẹ́ ike tí Òkéwùmí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Zone industrielle, àgbègbè àwọn iléeṣẹ́ ńlá, bá iléeṣẹ́ adójútòfò kan dòwò pọ̀, kí wọ́n máa sanwó ìwòsàn tìyàwó-tọmọ. Akọ̀wé adójútòfò ń bọ̀ wá sílé. Àdìzátù aládùúgbò, onímọ̀-ohun-gbogbo, ní, "Ìyá Nimo, wọn kì í gba ọmọ tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ o! Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ nípa imú yẹn."

Ràmúlátù gbà á gbọ́. Ó mú Nimotou lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yó ìrẹsì ọ̀sán! Kí akọ̀wé náà, Monsieur Séraphin, tó ṣí ìwé rẹ̀, oorun ti gbé ọmọ náà lọ.

Àdìzátù yọjú. "Ẹ kú àlejò o. Mi ò béèrè imú o!" Ó bá tirẹ̀ lọ. A dúpẹ́ pé Faransé nìkan ni Séraphin ń sọ látìgbà tó ti wọlé.

Ni ayùn bá bẹ̀rẹ̀.

"Qui dort là, maman?" Ta ló ń sùn níbẹ̀ yẹn?

"Mon mari," ọkọ mi ni, ni Ràmúlátù dáhùn wéré.

Séraphin ní báwo, nígbà tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ lòun ti ń bọ̀, Òkéwùmí ló sì sin òun dé ẹnu géètì ibẹ̀.

Ràmúlátù wo aṣọ ìkélé, ó wo ìwé. Bó bá jẹ́wọ́, etí ọmọ á di. Obìnrin tó ń kírun márààrún bá dorí kodò.

"C'est... mon chéri. L'autre."

Àlè o!

Séraphin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Yorùbá ló wá ń jáde lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá ìyá rẹ̀ tó wá láti Kétu. "Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ìwé tèmi ò béèrè imú. Gbogbo ọmọ òṣìṣẹ́ la máa gbà, àtaláìsàn àtẹni tára rẹ̀ le. Orúkọ nìkan ni mo wá kọ."

Ràmúlátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Séraphin gbé bíìrò rẹ̀. "Ó yá, kí lorúkọ àlè yín, kí n kọ ọ́ sábẹ́ àwọn ọmọ?"