Ikọ́ Afẹ́ná Kì í Ranni

Iná ààrò búrẹ́dì kì í tètè gbà bí igi bá tutù. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà gbọ́dọ̀ ki ọ̀pá irin gígùn oníhò bọ abẹ́ igi, kó fi ẹnu fẹ́ ẹ títí iná yóò fi sọ. Bàbá kan wà nílé búrẹ́dì àdúgbò wa tó mọ̀ ọ́n fẹ́ débi pé orúkọ rẹ̀ gan-an parẹ́ lẹ́nu wa. Afẹ́ná là ń pè é. Láti ìgbà géńdé rẹ̀ ni eéfín ti ń kó sí i lójú nímú. Bó bá wá jáde láti gba atẹ́gùn, ẹ wo nǹkan, sìgá ló ń tanná sí!

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé, àràárọ̀, pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. "Ikọ́ sìgá lásán ni," ló ń wí. Nígbà tó yá, kò lè gun òkè kékeré iwájú ilé rẹ̀ láì dúró sinmi. Àyà rẹ̀ yọ síwájú bí àgbá, ara tó kù ń gbẹ. Tó bá jókòó, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, á sún ẹnu pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ súfèé kí èémí tó lè jáde. Àyà ń dún wííí, wííí.

Àwa kì í bèèrè irú ikọ́ tó jẹ́. Ẹni bá ti ń húkọ́ tó sì ń rù, ikọ́ ife ló ní, èyí tó ń ranni! Ìyàwó rẹ̀ so òwú pupa mọ́ kọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ẹlòmíì má baà fi mu omi. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ò gbé ọmọ wá mọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin! Ojú fèrèsé ni Afẹ́ná ti ń wò ó lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lójú títì.

Ohun tó gbé e dé ọsibítù nìyẹn: kí wọ́n sọ pé kò ranni, kó lè gbé ọmọ náà.

Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì wá mú ẹ̀rọ kan tó ní ọ̀pá lẹ́nu wá.

"Bàbá, ẹ mí sínú dáadáa, kí ẹ wá fẹ́ ẹ títí yóò fi tán nínú yín."

Afẹ́ná rẹ́rìn-ín. "Èmi? Ọmọ mi, di ẹ̀rọ rẹ mú kó má fò lọ o!"

"Mo ti dì í mú, sà. Ó yá, ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ má dúró, ẹ má dúró!"

Ohun tó jáde ò lè pa àbẹ́là. Ó tún un ṣe, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí ògiri.

"Kì í ṣe ikọ́ ife, Bàbá," ni dókítà wí. "Kò lè ranni."

"O gbọ́?" Afẹ́ná di ìyàwó rẹ̀ lápá mú. "Lọ tú òwú rẹ yẹn!"

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán, sà."

Dókítà ní eéfín àti sìgá ti mú kí ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró fún pọ̀. Àwọn àpò kéékèèké tó ń gba atẹ́gùn ti ya mọ́ra wọn, wọ́n ti dẹ̀. Atẹ́gùn ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ o: ẹni tí ò rí èémí mí, atẹ́gùn ló kún inú rẹ̀! Oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu á dín in kù, bó bá sì jáwọ́ nínú sìgá àti eéfín, kò ní yára burú. Ṣùgbọ́n èyí tó ti ya, ó ti ya nìyẹn.

Afẹ́ná ò gbọ́ ìyẹn. "Kò ranni!" ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, á sọ ọ́, á dúró mí.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ọmọ wá, ó kúnlẹ̀ tẹkún-tẹkún. "Ẹ má bínú, Bàbá mi."

"Bínú kẹ̀? Gbé ìyàwó mi fún mi jàre!"

Ọmọ náà ti sanra. Ó gbé e dé àyà, ó ní kóun jù ú sókè, ni èémí bá há. Ojú rẹ̀ yọ síta, ọwọ́ rẹ̀ ń tú. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ já bọ́ kí ìyá rẹ̀ tó já a gbà. Ọmọ náà gbọ́ ohùn àyà yẹn, ó figbe ta.

Wọ́n tún gbé e wá, ó tún ké. Nígbà tó yá, ẹnu ọ̀nà ló ti ń bẹ̀rẹ̀ igbe.

"Ọmọ yín pè," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan. "Ó ní ṣé kí àwọn máa bọ̀ lọ́la?"

Afẹ́ná sún ẹnu pọ̀, ó dúró kí èémí jáde.

"Sọ fún un pé wọ́n tún yẹ ikọ́ mi wò." Ó mí. "Pé ó ń ranni."

"Irọ́ nìyẹn kẹ̀!"

"Mo mọ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."