Òdòdó Jọ́ọ̀jì Tí Mo Gé Bí Èbù Iṣu

Òórùn kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé: òórùn ilẹ̀ tútù tó ti pẹ́ nínú ìkòkò amọ̀, tó dà pọ̀ mọ́ oje funfun tó ń fà bí omi ilá. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹfà, lẹ́yìn ilé ní Marks Gate, ní London. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, ọ̀bẹ ìdáná màmá mi wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń ṣe iṣẹ́ kan tó dá mi lójú pé kò sí ọmọ mìíràn ní gbogbo àdúgbò yẹn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà kí ìyá yín tó ráyè ránṣẹ́ sí yín, ọ̀rọ̀ mi á tètè yé yín. Ìyá màmá mi ló tọ́ mi ní Èkìtì, oko iṣu rẹ̀ ni mo sì lọ ju ilé-ìwé lọ. Nígbà tí mo dé London, mo mọ bí a ṣe ń kọ ebè, mo mọ bí a ṣe ń gé èbù, ṣùgbọ́n bí tíṣà bá pe orúkọ mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ojú ló ń tì mí. Ohunkóhun tí èèyàn bá sọ fún mi, "Yẹ́ẹ̀sì" ni mo máa ń fi dá a lóhùn, kó lè tètè kúrò níwájú mi. Màmá mi a ní, "Yẹ́misí, abéèrè kì í ṣìnà. Ẹnu rẹ ò ní gbó tó o bá lò ó."

Ìyá arúgbó òyìnbó kan ló ń gbé ilé tó kan tiwa. Dọ́rìn lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n màmá mi kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ fi orúkọ lásán pe àgbàlagbà, nítorí náà Màmá Dọ́rìn la sọ ọ́, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ọkọ rẹ̀, Jọ́ọ̀jì, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ní Dagenham, kú ní oṣù díẹ̀ kí n tó dé. Màmá Dọ́rìn fẹ́ràn màmá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí màmá mi bá wọ sùtánà funfun, tó ń lọ sí ìjọ Aládùúrà wa láìwọ bàtà nínú òtútù, Màmá Dọ́rìn a yọrí lójú fèrèsé: "Ìwọ obìnrin yìí, ẹsẹ̀ rẹ á já bọ́ lọ́jọ́ kan!" Màmá mi a ní, "Ẹni tó dá a ló ń ṣọ́ ọ, Màmá." Àwọn méjèèjì a wá rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọn ò sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìkòkò amọ̀ mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Nígbà ìrúwé àkọ́kọ́ tí mo bá níbẹ̀, ewé gígùn yọ nínú wọn, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè là lórí rẹ̀, ẹnu òdòdó náà sì yọ síwájú bíi ti fèrè. Dáfódíìlì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí òdòdó rẹ̀ rọ tán, ó di pé Màmá Dọ́rìn fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí, kó sì lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin títí ìgbà ooru á fi parí. Ó pè mí. Ó ní tí ewé bá ti kú tán, kí n bá òun yọ wọ́n nínú ìkòkò, kí n gbìn wọ́n sílẹ̀, nítorí òun ò ní lè kúnlẹ̀ mọ́. Ó na ọ̀pá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pákó ààlà wa títí dé ìparí rẹ̀.

"Gbogbo ibí yìí ni mo fẹ́ kó kún. Ó yé ọ, dálìn?"

Mo ní, "Yẹ́ẹ̀sì."

Bí mo ṣe da ilẹ̀ inú ìkòkò jáde láàárọ̀ Sátidé yẹn, mo rí i pé orí òdòdó tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ju méje lọ. Wọ́n rí bí àlùbọ́sà, èèpo wọn pọ́n. Mo wo méje, mo wo pákó ààlà gígùn yẹn. Ibo ni méje fẹ́ dé? Ká ní mo jẹ́ ẹni tó ń béèrè ni, mi ò bá dúró de màmá mi títí á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Mi ò dúró dè é. Ìyá àgbà mi ni mo rántí, tó máa ń sọ lóko pé, "Iṣu kì í kún oko. Èbù ló ń kún oko."

Mo wọlé lọ mú ọ̀bẹ.

Mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Mo là á láti orí dé ìdí, bí èèyàn ṣe ń pín ọsàn, kí èyíkéyìí má baà pàdánù orí, nítorí ìyá àgbà mi ní èbù tí kò bá lórí a máa pẹ́ sùn nínú ilẹ̀. Oje ń fà mọ́ mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mí, ìgbà yẹn gan-an ni ọkàn mi wá balẹ̀. Ṣé iṣu tútù náà kì í yún ni lọ́wọ́ ni? Mo ní nínú ọkàn mi pé, "Àṣé ẹbí kan náà ni wọ́n." Mo bu eérú nínú ààrò irin tí màmá mi fi ń sun ẹja, mo fi ra gbogbo ojú ibi tí mo gé, mo sá wọn títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ebè kéékèèké méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó ààlà Màmá Dọ́rìn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jẹ ẹ̀bà bí àgbẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ni Màmá Dọ́rìn padà dé pẹ̀lú ọ̀pá méjì. Ó ní ká wá mu tíì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó wo ebè mi lọ títí, ó ní, "Ta lẹ sin síbẹ̀?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kò mọ nǹkan kan. Ẹnu iṣẹ́ ló wà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé yẹn, òun rò pé bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é nìyẹn. Màmá Dọ́rìn wá ka àwọn ebè náà. "Méje ni mo fi sílẹ̀. Ẹ tún lọ ra òmíràn kún un fún mi? Ẹ ò bá má ṣe wàhálà." Ó di ọwọ́ màmá mi mú. Màmá mi wò mí. Mo wolẹ̀.

Ìdí tíì yẹn ló ti sọ fún wa pé Jọ́ọ̀jì ló gbìn wọ́n, nígbà tí àìsàn ò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí àga ìdáná, ó gbé ìkòkò lé orúnkún, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ wọ́n bọ inú rẹ̀. Ó ní tó bá di ìgbà ìrúwé, àwọn máa kó wọn sílẹ̀. Kò rí ìrúwé. "Kò sì jẹ́ kí n fi fọ́ọ̀kì ìtúlẹ̀ sún mọ́ wọn rí," Màmá Dọ́rìn sọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ní bí irin bá ti lè ha wọ́n lára báyìí, wọ́n rà nìyẹn."

Bísíkíìtì wà lẹ́nu mi. Kò ṣe é gbé mì, kò ṣe é tu dànù.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, tí wọ́n bá ní kí kálukú gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ síwájú Ọlọ́run ní ìjọ, àwọn àgbàlagbà ń tọrọ ìwé ìgbélùú, wọ́n ń tọrọ iṣẹ́, èmi ń tọrọ kí òdòdó olóògbé hù. Nígbà tó di oṣù kẹta, gbogbo Marks Gate ni dáfódíìlì ti là: létí títì A12, níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí bọ́ọ̀sì Romford ti ń yí. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó ààlà wa, nǹkan kan bíi koríko ló yọ, tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Láràárọ̀ tí mo bá ń lọ sílé-ìwé, màá rí Màmá Dọ́rìn lójú fèrèsé ìdáná pẹ̀lú ife tíì rẹ̀, tó ń wo ibẹ̀. "Wọ́n mà pẹ́ lọ́dún yìí o," ló máa sọ fún mi. Ọjọ́ tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí dé Chadwell Heath.

Nígbà tí mo dé láti ilé-ìwé lọ́jọ́ náà, màmá mi ń bẹ iṣu. Bí mo ṣe rí ọ̀bẹ tó wọ iṣu yẹn, ẹkún tún bọ́. Mo ní, "Mo gé wọn, Màámi. Òdòdó Màmá Dọ́rìn. Mo gé wọn bí èbù."

Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Mo retí ìgbátí. "Òdòdó ọkọ rẹ̀ tó kú?"

"Ẹ̀n, mà."

Ó ṣan ọwọ́, ó so gèlè mọ́rí. "Ó yá, dìde. Ẹnu tó sọ yẹ́ẹ̀sì náà ni yóò sọ èyí. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Bí Màmá Dọ́rìn ṣe ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ gbì lórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Ó figbe ta: "Ó ti ṣubú!"

"Kò ṣubú, Màmá," màmá mi sọ. "Ó ń bẹ̀ yín ni."

"Kó dìde, kó dìde! Èmi ò lè bẹ̀rẹ̀ gbé e o, irin ni wọ́n fi sí mi nídìí!"

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn jù tí mo sọ láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú náà.

"O gé wọn," Màmá Dọ́rìn sọ.

"Yẹ́ẹ̀sì, mà."

"Gbogbo wọn."

"Yẹ́ẹ̀sì, mà."

"O tún wá fi eérú pa wọ́n lára."

Màmá mi gbé ọwọ́ lérí. Màmá Dọ́rìn kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wá yíjú padà. Omi wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti dà pọ̀ mọ́ ọn. "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yẹn, mi ò gbọdọ̀ mú fọ́ọ̀kì! Ọmọ wá gbé ọ̀bẹ!" Ó fi ọ̀pá tì wá síwájú lọ sẹ́yìn ilé, ó tẹ̀ ba débi tí ìbàdí rẹ̀ gbà á láyè, ó wo àwọn abẹ́rẹ́ tútù yẹn.

"Kí wá ni èyí?"

"Koríko ni, mà."

"Koríko wo ló ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀? Ohun tó ń hu ewé ò tíì kú. Má fà á tu."

Mi ò fà á tu. Lọ́dún kejì ewé náà fẹ̀ díẹ̀, kò sí òdòdó. Lọ́dún kẹta ó fẹ̀ tó ìka mi, kò sí òdòdó. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ti ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ wàyí. Màmá, ṣé kí n bomi sí i? Ṣé kí n gé ewé rẹ̀ tó ti ń pọ́n? Ṣé kí n kó ilẹ̀ sí i? Ó máa ń dá mi lóhùn gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là, kì í ṣe ilé-ìwé.

Lọ́dún kẹrin, ọmọ rẹ̀ fi dandan lé e pé kó wá máa bá òun gbé lẹ́bàá òkun. Ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n máa dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà fún káńsù. Páálí ti ń kún yàrá rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí ju ti ọdún àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò bínú sí mi, ó máa lọ bẹ́ẹ̀ láìrí òdòdó Jọ́ọ̀jì mọ́, kò sì ní sọ nǹkan kan.

Àárọ̀ kan nínú oṣù kẹta, ó fi ọ̀pá lu ògiri wa, gbà, gbà, gbà. Mo sá jáde tèmi ti búrẹ́dì lọ́wọ́. Ẹyọ kan ti là. Àwọn yòókù ti yọ orí, wọ́n tẹ̀ ba bí ọmọ tó ń kí àgbà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òdòdó mọ́kàndínlógún ló tò láti ìbẹ̀rẹ̀ pákó ààlà wa títí dé ìparí rẹ̀. Màmá Dọ́rìn fara ti ilẹ̀kùn, ó na ọ̀pá rẹ̀ bó ṣe nà án lọ́jọ́ kìíní.

"Ó kún," ló sọ.

Ara tù mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sórí ìrì. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ru ẹrù dé láti oko, tí wọ́n bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Màmá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn mi. Kí Màmá Dọ́rìn tó lọ, mo hú díẹ̀ nínú wọn tòun ti ilẹ̀ ìdí wọn padà sínú ìkòkò mẹ́ta yẹn, ó sì gbé wọn sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú mọ́tò ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n hú ìyókù fún ara mi tí ewé bá kú, mo sì hú wọn sínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà tiwa.

Mo kúrò nílé-ìwé nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, inú Bíbélì màmá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọ̀gá mi sì máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi pé kí n tó lẹ páálí kan, mo ti béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Lọ́dún yìí ni mo rí ilé kan tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn, ní Beam Park, lórí ilẹ̀ tí Jọ́ọ̀jì ti ṣe mọ́tò nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Màmá Dọ́rìn lórí fóònù pé ibẹ̀ ni mo máa gbin òdòdó náà sí, ó ní, "Jọ́ọ̀jì ti padà síbi iṣẹ́ nìyẹn."

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo da àwọn ìkòkò tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà màmá mi láti ìgbà yẹn jáde. Òórùn yẹn dé, mo sì rántí ọmọ tó kúnlẹ̀ sórí koríko. Mi ò lè sọ pé dídákẹ́ rẹ̀ dára. Ó jẹ́ kí arúgbó kan wo ilẹ̀ òfìfo fún ọdún mẹ́ta gbáko. Síbẹ̀, èmi tí mo ń béèrè ohun gbogbo lónìí, tí wọ́n bá gbé méje àti ilẹ̀ gígùn yẹn fún mi, màá béèrè, wọ́n á ní kí n má gé e, méje náà ni ì bá sì jẹ́ títí dòní.

Mo ka orí òdòdó mi tó ṣẹ́kù. Méje. Mo gbin mẹ́fà lódindi, bó ṣe yẹ. Mo di ìkeje mú lọ́wọ́, mo wo ibi tí ilẹ̀ mi gùn dé.

Mo wọlé lọ mú ọ̀bẹ. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.