Ọmọ Tí Ìyá Àgbà Wá Wẹ̀

Dádì mi àti màígáàdì ló jọ gbé bẹ́ẹ̀dì Ìyá àgbà gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Irin bẹ́ẹ̀dì náà ń ha ògiri bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ. Ìyá àgbà ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àbúrò mi jòjòló wà léjìká wọn, ó ń ké. Nígbà tí Ìyá àgbà gbọ́ ẹkún náà, ẹsẹ̀ wọn dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tún bá ọ̀nà wọn lọ, wọ́n wọ yàrá bọ́ìsì-kọ́tà.

Nítorí ọmọ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe wá sí Àbújá. Màmá Dádì ni wọ́n. Láti abúlé wọn lẹ́bàá Kàbà ni wọ́n ti wá bá wa wẹ ọmọ tuntun ní Lókógómà. Òórùn òrí àti ooru omi gbígbóná ló ń jí mi láràárọ̀ nígbà yẹn. Ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ lé e, wọ́n á máa fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa kì í. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń pa ọmọ náà lẹ́kún. Ní tiwọn, ṣe ló máa ń sùn.

Ikọ́ ti wà lára wọn kí wọ́n tó dé. A ní ọyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ikọ́ kò lọ. Wọ́n ń làágùn lóru, wọ́n rù débi pé ìró kì í dúró nídìí wọn mọ́. Dádì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, dókítà ní kí wọ́n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike kékeré kan. Ikọ́ ife ni wọ́n rí níbẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní tíbì. Dókítà ní oṣù mẹ́fà ni wọn yóò fi lo oògùn, àti pé kí wọ́n kọ́kọ́ máa dá sùn níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì kan wá sílé láti yẹ gbogbo wa wò. Ó ṣí apá àbúrò mi, ó fọwọ́ kan àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gún un nígbà tí wọ́n bí i.

"Ìyẹn á gbà á lọ́wọ́ ikọ́ náà?" Ìyá àgbà bi í láti òkèèrè.

"Ó ń dáàbò bo ọmọdé gan-an, Mama. Àmọ́ agbára rẹ̀ kì í bá èèyàn dàgbà. A ó fún un ní oògùn díẹ̀ kún un."

"Àwa àgbà ńkọ́? Kò sí tiwa?"

"Wọ́n ṣì ń wá a, Mama."

Tí mo bá ti iléèwé dé, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ. Màá gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà wọn, màá sì jókòó síta lẹ́bàá fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé á wà láàárín wa. Ìròyìn ọmọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

"Ṣé ó ti ń jókòó?"

"Ó ń jókòó, mà, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣubú."

"Ẹ fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó forí gbálẹ̀."

Bí àwọn ará ilé kejì bá jáde sẹ́yìn ilé wọn, Ìyá àgbà á kí wọn lórí ògiri bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn: "Okun o!" Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Ìyá àgbà bi mí pé, "Ṣé àwọn ará ibí kì í kí èèyàn ni?" Mo ní jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, igbe wọn ló jí wa: "Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń tọ̀ o!" Dádì sáré pe nọ́ọ̀sì. Ó ní oògùn ló mú kí ìtọ̀ wọn pupa, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì padà wá, inú rẹ̀ dùn. "Mama, ẹ ò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ gbé ọmọ yín."

Ìyá àgbà wo Mọ́mì. Mọ́mì wolẹ̀. Èèyàn burúkú kọ́ ni ìyá mi. Ẹran tó dára jù nínú ọbẹ̀ ni wọ́n máa ń bù sí abọ́ Ìyá àgbà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

"Kò burú, ìyàwó mi," Ìyá àgbà sọ. "Kò kánjú."

Oògùn parí, àyẹ̀wò fi hàn pé ara wọn ti dá pátápátá. Dádì ní kí wọ́n padà sínú ilé, wọ́n ní ilé àwọn ní abúlé làwọn fẹ́ lọ. Gbogbo wa la sìn wọ́n dé gáréèjì. Wọ́n ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì nígbà tí Mọ́mì ṣàdédé sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n gbé e lé Ìyá àgbà lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e."

Ìyá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n dì í mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ojú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n sé èémí, bí ẹni tó wọ inú omi. Ọmọ náà ń fa etí wọn.

"Màmá, ẹ wò ó lójú." Mọ́mì ti ń sunkún.

"Mò ń wò ó," ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ojú wọn wà lára àwọn ọkọ̀ tó ń jáde.

Wọn kò padà wá sí Àbújá mọ́. Ogbó ló pa wọ́n, kì í ṣe ikọ́. Láìpẹ́ yìí mo kà á pé wọ́n ń dán abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun wò fún àwọn àgbà, mo sì gbàdúrà kó yọrí. Oògùn ti pa àrùn náà nínú àyà Ìyá àgbà. Àwa la kọ́ wọn láti máa bẹ̀rù èémí ara wọn, a kò sì rántí mú ẹ̀rù náà kúrò lọ́kàn wọn lásìkò.

Títí dòní, bí mo bá lọ kí ẹni tí dókítà ti sọ pé ewu ti fò ó, mi ò kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màá wọlé, màá fa àga súnmọ́ ọn, màá sì jókòó títí yóò fi yíjú sí mi.