Òkúta Tó Dé Ṣáájú Ìbò

Nígbà òjò ọdún tó kọjá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mò ń fọ aṣọ ilé-ìwé Àríkẹ́ ọmọ mi lẹ́yìnkùlé nígbà tí Ìyá Sàdíà, aládùúgbò mi, yọjú.

"Ìyá Àríkẹ́, òkúta ti dé."

"Òkúta wo?"

"Íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n fẹ́ tò sí ibi ìṣeré àwọn ọmọ. Tírélà kan gbáko ló já a sílẹ̀."

"Ṣebí ọ̀la la ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dìbò?"

Ọṣẹ gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọ ẹ́sítéètì wa ní Ajah, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ ọdún méje ni Àríkẹ́, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Yanrìn tó wà níbi ìṣeré tẹ́lẹ̀ máa ń gbé ọ̀pá rẹ̀ mì, ni yóò bá dúró létí ibẹ̀, á máa wo ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí jáńgílófà. Àwa ìyá wá ní kí wọ́n tẹ́ ẹní nínípọn tí wọ́n fi ìrun èèpo àgbọn hun. Ó rọ̀ bí ọmọ bá ṣubú, ọ̀pá ò ní rì, omi òjò á gba inú rẹ̀ kọjá, kò sì ní máa gbóná, kó máa rùn bíi rọ́bà táyà. Alága àwọn onílé ní òkúta ló ń pẹ́, la bá fẹnu kò pé ká dìbò lé e lọ́jọ́ Sátidé.

Lọ́jọ́ ìpàdé Sátidé náà, wọ́n gbé ìwé kan sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, kálukú kọ orúkọ, ó fọwọ́ sí i pé òun wá. Òkè ìwé náà ṣófo nígbà tí mo kọ tèmi. A jókòó, à ń retí ìbò. Alága gbé ìwé náà sókè.

"Ìbò wo lẹ tún ń wá? Gbogbo yín ti fọwọ́ sí òkúta."

Wọ́n ti kọ àkọlé sókè ìwé pé a fara mọ́ òkúta.

"Alága, orúkọ àwọn tó wá sípàdé nìyẹn!" ni mo pariwo.

"Màdáámù, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?"

Ọwọ́ mi ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn; a ò gbọ́ ìró rẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwa mọ́kànlá lọ jókòó sábẹ́ jáńgílófà. Olórí àwọn lébìrà, bàbá kan láti Ìkirè, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ìyàwó, ṣé kí n tò yín mọ́ òkúta ni?"

"Ẹ tò wá, Bàbá," ni Ìyá Sàdíà wí. "Àwa náà le."

Àsìkò yẹn ni Àríkẹ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ọ̀pá rẹ̀ ń dún kó, kó, kó lórí òkúta tí wọ́n ti tò létí ọ̀nà. Ọ̀pá kan yọ̀. Díẹ̀ ló kù kó forí sọlẹ̀ kí n tó gbá a mú.

Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rọra ní, "Mi ò ní tò ó dé abẹ́ ibí yìí. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní òkúta ò tó."

Ohun tá a rí gbà kò ju abẹ́ jáńgílófà yẹn lọ. Àwa fúnra wa la tẹ́ ẹní síbẹ̀. Òkúta ló yí i ká, òjò sì ti jẹ́ kó máa yọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan forí gbá a. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò. Ìbò tí wọ́n jẹ wá, wọn ò tíì jẹ́ ká dì í.

Nígbà tá a délé ní Mọ́ńdè yẹn, Àríkẹ́ bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé àwa la borí?"

Mo ní, "Díẹ̀. Bí o bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kọ́kọ́ wá pè mí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé fún ẹ pé kí o kọ orúkọ ẹ, wo òkè rẹ̀. Bó bá ṣófo, má kọ ọ́."