Àlejò Tí Kò Gbọdọ̀ Dé

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà Zipporah fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìfọ́n kó tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ eré orí ìtàgé kan ṣoṣo ló kọ láyé rẹ̀. Nínú eré náà, ọkùnrin méjì gbálẹ̀, wọ́n gbé àga kalẹ̀, wọ́n ń retí àlejò. Àlejò ò dé. Ó parí!

"Bí ayé wa ṣe rí nìyẹn," ni Tíṣà máa ń wí. "A ò mọ ẹni tí à ń retí, síbẹ̀ a ò yéé gbálẹ̀ dè é. Ṣé ìyẹn ò yà yín lẹ́nu?"

Kò ya Mùnírù télọ̀, òṣèré rẹ̀, lẹ́nu rárá. Oṣù mẹ́ta gbáko tí wọ́n fi dánra wò, ẹjọ́ kan náà ló ń rò. "Tíṣà, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ẹ jẹ́ kí àlejò dé jàre!"

"Bí ẹnikẹ́ni bá fi lè yọjú, Mùnírù, eré bàjẹ́ nìyẹn!"

Ọjọ́ eré pé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá, alága ọjọ́ náà, Olóyè Akínfẹ́mi, ò sì tíì kúrò l'Ọ̀wọ̀. Ta ló jẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan láìsí alága? Aago méjìlá kọjá, aago kan kọjá. Àwọn tó wá láti Ute ti ń kùn, iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n lóko. Ẹ wo ìyà! Ẹni tí Tíṣà kò mọ̀ rí ló so ó rọ̀ báyìí. Nígbà tí aago méjì lù, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ jàre!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó ku gbólóhùn kan péré kí eré parí. Mùnírù dúró ti àga òfìfo náà, Boniface bíríkìlà, ẹnìkejì rẹ̀, tún ń gbá ibi tó ti gbá. Ìgbà yẹn gan-an ni fèrè ọkọ̀ ké lóde. Olóyè Akínfẹ́mi wọlé, agbádá ń wọ́lẹ̀, ó ń juwọ́. Ó gba orí ìtàgé lọ tààrà, ó fìdí lé àga àlejò.

"Ó ti dé o!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sí àtẹ́wọ́.

Tíṣà di orí mú. Gbogbo làálàá rẹ̀ ti wọmi.

Mùnírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Olóyè. Ó dìde, ó wo ojú bàbá náà dáadáa, ó wá yíjú sí Boniface.

"Òun kọ́," ó ní. "Máa gbálẹ̀."

Ẹnu Tíṣà là sílẹ̀, kò lè pa á dé. Boniface ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá àga, ó ní kí Olóyè jọ̀ọ́ bá òun gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀.