Ọkọ̀ Ojú Irin Orí Tábìlì Wa

Bí mo bá ti gbóòórùn sípírítì, yàrá wa lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Adó ni ọkàn mi máa ń lọ, ọ̀rẹ́ mi. Yàrá kan ṣoṣo ni, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ mi wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ọkọ mi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, òórùn epo ẹ̀rọ mi àti ti sípírítì rẹ̀ sì ń bára wọn jà. Ọdún díẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ni. Tíṣà ilé ìwé ìjọ ni ọkọ mi, èmi sì ń ránṣọ. Òyìnbó alábòójútó ilé ìwé ń padà sílé ní ìlú òyìnbó, ó fún un ní páálí kan tí irin wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Tí ènìyàn bá tò wọ́n bó ṣe yẹ, wọn yóò di ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń mu omi, tó ń jẹ iná sípírítì, tó sì ń sáré fúnra rẹ̀.

Inú ọkọ mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ó tó so irin méjì pọ̀, ó ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé ọkọ̀ ojú irin yóò rìn níwájú wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ọkọ̀ ojú irin rí. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ Ìgèdè kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Ti ìjọba gan-an kò tíì dé Èkìtì, tìrẹ ló fẹ́ dé?" Ọkọ mi bá àwọn tíṣà yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dùn ún.

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ ti pé, omi ń hó nínú rẹ̀, kò sì rìn. Tó bá fọwọ́ tì í, á yí díẹ̀, á tún dúró gbagidi. Iyán tí mo gún ti tutù sílẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì, ọ̀pá kan so wọ́n pọ̀. Apá irin kékeré wà lára kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun ni agbára omi híhó ń tì síwá sẹ́yìn kí kẹ̀kẹ́ lè yí. Ikán ti jẹ ojú ìwé tó bá irin náà wá, tó sọ bí a ṣe ń to apá wọ̀nyí, ọkọ mi bá fi rúlà tò wọ́n kí wọ́n kọjú síbì kan náà gẹ́lẹ́, bí ọmọ ilé ìwé tó tò láàárọ̀. Tíṣà ni, kí ni ìbá tún ṣe?

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n wò ó," ni mo wí.

"Uṣẹ́ irin ni yìí, kì í ṣe uṣẹ́ aṣọ," ló dáhùn láìgbójú sókè.

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo gbé ẹsẹ̀ lé e, kò yí. Ibi méjì ló wà tí ẹsẹ̀ nìkan kò ti lè gbé e, nígbà tí apá tó ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wà lókè téńté tàbí nísàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ ọ́n, ọwọ́ la fi ń ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kó tó gbéra. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yé mi.

"Apá méjèèjì ló jọ ń dé ibi tí wọn kò ti lágbára!" ni mo pariwo. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wà láàárín ọ̀nà nígbà tí èkejì bá dé òpin."

Ó gbé rúlà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sún àga sí mi. Mo ṣẹ́ pépà tí mo fi ń gé ọrùn aṣọ po lẹ́ẹ̀mejì kí igun rẹ̀ lè gún régé, a fi wọn apá méjèèjì: bí ọ̀kan bá nà sókè, kí èkejì kọjú síwájú, bí ọwọ́ agogo ṣe máa ń rí ní aago mẹ́ta. Ọkọ mi tú nọ́ọ̀tì apá kan, ó yí apá náà, ó dè é padà. Nígbà tó tanná sí i, ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó sì gbéra, ó sá títí dé etí tábìlì. Èmi ni mo hán an, ó jó mi lọ́wọ́, ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ Ìgèdè yẹn ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kó lè wò ó dáadáa. Níwájú gbogbo wọn, ọkọ mi nawọ́ sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ní, "Uyàwó mi ló tún un ṣe." N kò mọ ibi tí mo lè fojú sí, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ń dùn ṣìnkìn.

A pẹ́ pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá sí nǹkan, tèmi lè má tíì gbéra, mo sì máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé àbùkù ìgbéyàwó nìyẹn. Ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ mi ń yí. Ọdún tí àìsàn dá mi dúró, òun ló ń dáná. N kò rántí ọjọ́ kan tí àwa méjèèjì jọ dúró gbagidi lẹ́ẹ̀kan náà.