Òjé Ẹnu Àpótí Ìbò

Bàbá, arúgbó tó ń jó páànù ní àdúgbò wa, fa irin rẹ̀ jáde nínú èédú, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó tutọ́ sí i. Itọ́ náà dún ṣàà, ó sì gbẹ. Irin ti gbóná tó. Ó fi ìyẹ́ adìẹ mú ásíìdì díẹ̀, ó fi pa etí páànù pẹlẹbẹ tó fẹ́ fi dí ẹnu àpótí ìbò, èéfín funfun sì rú sókè, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Àwọn ọkùnrin bí ogún ló yí i ká nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Point Four ní Monrovia, ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tí wọ́n dìbò, agbádá ìrun ṣì wà lọ́rùn wọn. Òjò ń lu òrùlé débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ kí èkejì gbọ́. Èmi nìkan ni ọmọdé níbẹ̀. Mo jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, níbi tí mo máa ń jókòó sí tí mo bá ti ilé ìwé dé, mo ń wo bí òjé ṣe ń yọ́ tó ń sáré tẹ̀lé irin. Nígbà tó jó o yíká tán, ó fi àkísà ọlọ́ràá nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí o bá fọwọ́ rá a, o ò ní mọ ibi tí páànù kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ti pẹ́ ní Monrovia ju bàbá mi lọ. Àtùpà, àrọ, garawa, àpótí ẹrù àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ ojú omi, gbogbo rẹ̀ ló ń fi páànù ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa, òórùn ásíìdì sì máa ń wọ aṣọ mi débi pé ìyá mi á ní kí n bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Kò bímọ. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí mi gan-an ni ìròyìn ikú ìyá òun dé láti ilé, nítorí náà “Ìyá mi” ló ń pè mí. Inú mi máa ń dùn tó bá pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ yòókù, mo sì máa ń rọra dá a lóhùn bí arúgbó.

Ó yẹ kí n sọ bí ìbò wa ṣe rí. Àwa Yorùbá tó wà ní Monrovia nígbà náà kò pọ̀, síbẹ̀ a pín sí méjì. Àwọn oníṣòwò wà ní Point Four nítòsí èbúté, àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ báńkì wà ní Sinkor. Ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń ṣe, a sì ń yan olórí ní ọdún méjì-méjì. Olórí yìí kì í ṣe olórí ẹnu lásán. Òun ló ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba pé òun mọ lágbájá, pé ọmọlúàbí ni, kí wọ́n tó lè sọ ìwé ìgbélùú rẹ̀ di ọ̀tun. Ẹni tí olórí kò bá kọ lẹ́tà fún, kó yáa máa di ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbò tiwa fi gbóná ju ti àwọn onílùú lọ. Ní ti wọn, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ń ṣèjọba, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ta ni yóò wọlé. Àwọn bàbá wa máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ìyẹn kì í ṣe ìbò, kí wọ́n wá wo tiwa.

Nítorí àwọn tí kò mọ̀wé, hóró la fi ń dìbò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba hóró àgbàdo kan àti hóró ẹ̀wà kan, á wọ ẹ̀yìn aṣọ títa. Àgbàdo ni ti olùkọ́ tí Sinkor fà kalẹ̀, ẹ̀wà ni ti oníṣòwò tí Point Four fà kalẹ̀. O sọ èyí tó wù ọ́ sínú àpótí, o sọ èyí tó kù sínú àpò. Bàbá ló ṣe àpótí náà, ó sì tẹ́ òwú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi etí mọ ohun tí ẹlòmíràn sọ sí i. Ní Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, Point Four á dìbò. Ní Sunday lẹ́yìn ìsìn, Sinkor á dìbò, wọ́n á sì kà á lójú gbogbo ayé. Láàárín ọjọ́ méjèèjì, Bàbá á fi òjé dí ẹnu àpótí, àpótí á sì wà nílé akọ̀wé ẹgbẹ́. Bàbá mi ni akọ̀wé. Àwọn Sinkor kò janpata sí i, nítorí òjé Bàbá ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe bàbá mi.

Ní ọdún méjì ṣáájú, Sinkor ló wọlé. Àwọn tiwa ní ojóró ni. Bàbá yẹ òjé rẹ̀ wò, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ọmọ Point Four lòun náà. Wọ́n ní Sinkor ti rà á. Oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá mi kò fi kí i. Gbogbo ìgbà tí a bá ń jẹun nílé ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn olè Sinkor, bí wọ́n ṣe jalè, bí wọ́n ṣe máa tún jalè. Kò sẹ́ni tó rí ohunkóhun, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe gbà pé Ọlọ́run ń bẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mi ò sì tíì bá ará Sinkor kankan sọ̀rọ̀ rí.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá wá sílé wa. Ó ti ṣe ife páànù kékeré kan fún mi, ó ní etí rẹ̀ ti dán, kò ní gé mi lẹ́nu. Ìyá mi fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó mu ún ní pálọ̀ níbi tí àpótí wà, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Àwọn aládùúgbò ń kí i bó ṣe ń jáde.

Lọ́sàn-án, bàbá mi rán ìyá mi níṣẹ́ lọ sí Barnersville, ní ẹ̀yìn odi ìlú. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe fi wọlé pẹ̀lú irin oníná mànàmáná rẹ̀, ọmọ Point Four ni òun náà. Wọ́n ní kí n gbé àwo ńlá wá. Nígbà tí mo gbé e dé, ẹnu àpótí ti là sílẹ̀. Wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, hóró ń já bọ́ sínú àwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àgbàdo sọ́tọ̀. Ojú bàbá mi yí padà bí àgbàdo náà ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí àwọn ènìyàn wa ní Point Four ló sọ ọ́ síbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ kírun lánàá. “Ọ̀dàlẹ̀,” ó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Iye àgbàdo tí wọ́n yọ ni iye ẹ̀wà tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó wá da àgbàdo náà sọ́wọ́ mi.

“Dà á fún adìẹ. Ohun tí wọ́n ṣe fún wa là ń san fún wọn. Ṣé o gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́. Mo dà á sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, adìẹ mẹ́rin ṣa á jẹ tán kíákíá. Mi ò ní parọ́ nípa èyí: inú mi dùn. Mo rò pé èmi náà ti jà fún wa. Nígbà tí mo padà wọlé, atúnrédíòṣe ń làágùn. Irin rẹ̀ kéré, kò lè mú páànù gbóná, ó kàn ń kán òjé tó-tò-tó yí etí rẹ̀ ká. Òórùn tirẹ̀ kò ta bíi ti Bàbá; ó dùn, ó jọ oje igi.

Ní Sunday, a wọ takisí lọ sí Sinkor, sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Àwọn obìnrin Sinkor dé fìlà ìsìn, ilẹ̀ ń dán, gbogbo ibẹ̀ ń ta sánsán. Bàbá gbé ìkòkò èédú rẹ̀ síwájú, ó tanná, ó ti irin bọ̀ ọ́. Ó fẹ́ yọ́ òjé ẹnu àpótí, ó sì dúró. Ó fi àtàǹpàkò rá a. Ó gbé imú lé e. Ó tún rá a. Lẹ́yìn náà ó gbé irin sílẹ̀, ó nà ró.

“Iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́ nìyí,” ó ní. “Ẹnìkan ti ṣí àpótí yìí.”

Ariwo sọ. Àwọn Sinkor pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àwọn ti mọ̀, kí wọ́n kúkú gbé ipò fún olùkọ́ àwọn. Àwọn tiwa ní gbígbọ̀n ọkọ̀ ló ba òjé jẹ́. Bàbá na ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́. Ó ní òun ò sọ pé kí wọ́n gbé ipò fún ẹnikẹ́ni, òun ò sì sọ pé lágbájá ló ṣí i. Kí wọ́n da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, kí gbogbo ènìyàn tún ìbò dì, Point Four àti Sinkor. Ìgbà yẹn ni àtẹ́wọ́ Sinkor dáwọ́ dúró. Bàbá mi ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àpótí nílé òun. Olùkọ́ kan wá nàka sí mi, ó ní ọmọ yìí ń gbé ilé náà, kí wọ́n bi í.

“Ẹ má ṣe é,” ni Bàbá wí. “Ẹ má fi ọmọ ṣe ẹlẹ́rìí lórí bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ti tó.”

Kò sẹ́ni tó tíì bi mí ní nǹkan kan. Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo bàbá mi, ó ń wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn bí ẹni tó fẹ́ sá. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kàn parí.

“Bàbá fúnra wọn ni,” mo ní. “Wọ́n wá sílé wa láàárọ̀ àná. Àwọn ni wọ́n ṣí i.”

Bàbá wò mí. Kò bínú, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Wọ́n bi í bóyá ó wá sílé wa ní Sátidé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gbé ife wá fún ọmọ. Àwọn aládùúgbò ní lóòótọ́ làwọn rí i. Ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ àtúndì ìbò mọ́. Sinkor ní ṣé ẹ rí i, ọmọ Point Four ni, ó ṣí i láti kó ẹ̀wà sí i, ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Point Four ní Sinkor ló rà á, bí wọ́n ṣe rà á lọ́dún yẹn, kó ba ìbò wa jẹ́ kó sì tún pariwo olè. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa, ìhà méjèèjì sì gé apá tó wù wọ́n níbẹ̀. Sinkor fi ìbínú dìbò tiwọn, wọ́n kà á, ẹ̀wà ló pọ̀ jù. Sinkor dìde, wọ́n lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ Bàbá, àfi tí wọ́n bá fẹ́ bú ènìyàn.

Iṣẹ́ dáwọ́ dúró ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi náà kò lọ jókòó síbẹ̀ mọ́. Ìyá mi ló rán mi lọ tọrọ ẹ̀yinná lọ́jọ́ kan, mo wọlé, mo tẹ orí ba. Irin wà nínú iná bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ohun tó fẹ́ jó.

“Ọmọ Akọ̀wé,” ó ní, “yà fún irin yẹn, ó gbóná.”

Kò pè mí ní Ìyá rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo sunkún délé, ìyá mi bi mí kí ló dé, mo ní èéfín ni.

Olórí tuntun kò kọ lẹ́tà fún un. Nígbà tí ìgbà òjò parí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì wá, wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò. Èyí tó dàgbà nínú wọn kò pariwo mọ́ ọn. “Old Pa, your paper finish,” ló ní. “Take your small-small thing, let's go.” Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun paná náà. Ó bu omi sí i, ó dúró títí èéfín fi tán, ó sì bá wọn lọ. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń wò ó. Akọ̀wé náà lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lórúkọ olórí, ìwé ẹgbẹ́ àti òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni ì bá kọ. Àwọn kan ní wọ́n fi Bàbá sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èkó. Àwọn kan ní àìsàn mú un lójú ọ̀nà. Mo ti béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀, mi ò sì rí ẹni tó mọ ibi tó parí sí.

Ní ọdún tí bàbá mi ń ṣàìsàn tó pa á, mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá a lórí ibùsùn. Mo ní ṣé ó máa ń rántí. Ó ní bí a ò tilẹ̀ ṣí àpótí náà, àwa náà là bá wọlé. Mo fẹ́ràn bàbá mi, mo sì fi omi sí i lẹ́nu títí ó fi kú, ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí ọ̀rọ̀ yẹn jì í.

Àwọn ọmọ mi máa ń jà nípa ìbò nínú ilé mi báyìí. Èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wọlé á ní ìbò mọ́ kedere, èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá pàdánù á ní ojóró ni. Lọ́dún mẹ́rin sí i wọ́n á pààrọ̀ ẹnu. Wọ́n máa ń ní kí n dá sí i, mo máa ń dìde lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n rò pé òṣèlú ti sú mi. Wọn ò mọ̀ pé gbọ̀ngàn yẹn ni mo ń rí. Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn alhájì wà níbẹ̀, àwọn tí kì í gba ọ̀rọ̀ ara wọn gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò nígbà mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan dìde, ó la ẹnu, ó ba ayé arúgbó kan jẹ́, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó bi mí ní ìbéèrè kejì.